Èbù Ìyá Àgbà àti Òjò Ọjọ́ Ìsinmi

Nígbà ọyẹ́ ni Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wá bá wa ní Kùmásì. Lọ́rì ló gbé e láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ púpọ̀ ni wọ́n fi rìn, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Kejetia pẹ̀lú eruku lójú àti àpò ìdọ̀họ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Aṣọ àti ìkòkò ló wà nínú ọ̀kan. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ gbé èkejì, ó kérora.

"Ìyá, ṣé òkúta lẹ rù wá ni?"

"Òkúta bàbá rẹ ni. Rọra gbé e, má ṣẹ́ ojú wọn."

Èbù iṣu ló wà nínú rẹ̀. Iṣu funfun tí bàbá bàbá mi gbìn títí ó fi kú ni, Ìyá àgbà kò sì jẹ́ kí irú rẹ̀ parun lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n "iṣu ilé" ni a ń pè é ní tiwa, kí a lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára pọ̀nà, iṣu tí gbogbo Kùmásì ń yìn. Bàbá mi nìkan ni ọmọ tó kù fún Ìyá àgbà láyé. Ó ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ti gbé kọ́kọ́rọ́ fún ará ilé.

Nígbà tó jẹun tán, tó sì nu ọwọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbàgbé. Ó ní, "Ibi tí iṣu mi bá ti ta, ibẹ̀ ni ilé mi. Bí kò bá ta níbí, màá padà síbi tó ti ń ta."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, Kùmásì ni wọ́n ti bí mi, n kò sì tíì ní ìyá àgbà rí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ẹní. Ó máa ń fi ọwọ́ rẹ̀ tó le bí èèpo igi ra mí lẹ́yìn títí oorun yóò fi gbé mi lọ. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé kò gbọdọ̀ lọ mọ́.

Fante New Town ni a ń gbé, nínú agboolé kan tí ayálégbé pọ̀ nínú rẹ̀. Bàbá mi ń ta ọjà wẹ́wẹ́ ní Kejetia: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, ọ̀bẹ kéékèèké. A kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ṣeun, ebi kò pa wá sùn. Oko ni a kò ní. Ìyá mi ló bá wa wá a. Ìyá arúgbó kan, ará Àṣáńtì, tó máa ń ra òwú lọ́wọ́ bàbá mi, ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn Ayigya tó ti sinmi fún ọdún pípẹ́. Nana ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bí wọ́n ti ń pe àgbà lọ́dọ̀ wọn. Ó gbà kí a dá oko níbẹ̀, kí a sì fún òun nínú ohun tí a bá kórè. Ó ní bí a kò bá rí i dá lọ́dún náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun yóò gbin kòkó sí i, nítorí ọmọkùnrin náà ti ń bẹ òun fún ilẹ̀ náà tipẹ́.

Òfin méjì ló fún wa. Èkíní, ọkọ́ tàbí iná kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, nítorí ọjọ́ ìsinmi ilẹ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Èkejì, a kò gbọdọ̀ tan iná láìjẹ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró níbẹ̀, torí pé kòkó kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ wa.

A gba òfin méjèèjì. Bàbá mi háyà ọkùnrin méjì, wọ́n bá ìyá mi ṣán igbó náà. Ó wó lulẹ̀, ó sì ń gbẹ. Ẹni tí kò bá dá oko rí lè rò pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Igbó tí a ṣán tí a kò sun, igbó ni. Iná ló ń sọ ọ́ di oko: ó ń jẹ ẹ̀ka, ó ń pa irúgbìn èpò, ó ń fi eérú sílẹ̀ fún ilẹ̀. Bí òjò bá sì ṣáájú iná, kò sí ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe mọ́ ju kí ó dúró máa wo ewé tútù bí ó ti ń hù láàárín igi tó wó.

Bàbá mi kì í ṣe àgbẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni, èyí sì léwu ju kí ènìyàn má mọ nǹkan kan rárá lọ. Ó ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilé ló sì gbé sórí wá: ẹ̀ẹ̀rùn gígùn, koríko tó gbẹ táútáú, òjò àkọ́rọ̀ tí kì í yá. Ó ti pẹ́ ní Kùmásì, ṣùgbọ́n abẹ́ páànù ọjà ló ti ń gbọ́ òjò ibẹ̀. Kò tíì dúró nínú oko retí rẹ̀ rí.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, Nana wá sílé wa fúnra rẹ̀ kí bàbá mi tó jáde lọ sọ́jà. Ìjókòó tí a fún un, kò jókòó.

"Alatani," ni ó pe bàbá mi, bí wọ́n ti ń pe gbogbo àwa tí a ti ọ̀nà Nàìjíríà wá. "Iná dà? Mo rí òjò tó ń ṣú lánàá. Lọ sun igbó rẹ lónìí. Ọ̀la ni ọjọ́ ilẹ̀."

Bàbá mi fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn. "Nana, igi náà kò tíì gbẹ dénú. Nílùú wa, a máa ń dúró títí yóò fi máa dún lábẹ́ ẹsẹ̀."

"Ṣé láti ìlú yín ni òjò yìí ti ń bọ̀?"

Ìyá àgbà fà mí láṣọ. Kò gbọ́ èdè Àṣáńtì, èmi ni mo máa ń túmọ̀ fún un. "Kí ló wí?" Mo sọ ọ́ fún un. Ó mi orí, ó yíjú sí bàbá mi.

"Ìwọ ọmọ ọjà yìí, abẹ́rẹ́ lo mọ̀ ọ́n tà. Gbọ́ ti onílẹ̀."

"Ìyá, ìlú yìí ni mo ti ń gbé láti ọjọ́ yìí wá."

"Mo mọ̀. Àti ìgbà wo lo ti fọwọ́ kan ilẹ̀ rẹ̀?"

Ìyá mi sáré wọ ilé ìdáná kí bàbá mi má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní ọjọ́ Ẹtì ni òun yóò sun ún, kí igi tún gbẹ fún ọjọ́ méjì sí i. Nana wò ó, ó wo ojú ọ̀run, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, a jókòó. Àwọn kan nínú ìjọ wa a máa sọ pé òrìṣà ni ẹni tó bá pa ọjọ́ ilẹ̀ mọ́ ń bọ. Bàbá mi kì í bá wọn jiyàn. Ó ní ilẹ̀ wọn ni, òfin wọn ni, ẹni tó wọ ilé onílé kì í yan ibi tí wọn yóò gbé àga sí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó lọ pẹ̀lú ìyá mi, ìṣáná nínú àpò. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gan-an, ọ̀nà ibi tí kòkó wà gan-an ló sì dojú kọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Nana dúró ní ààlà, àdá lọ́wọ́.

"Má tan án lónìí o," ni ó wí. "Bí ewé kòkó kan bá jó, ìwọ ni màá gbìn dípò rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Gbogbo ọjọ́ náà ni ìyá mi fi ro ààlà kí iná má baà kọjá. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òkú wà nílẹ̀ ní ìdílé Nana. Gbogbo wọn wọ aṣọ pupa àti dúdú, kò sì sí ẹni tí yóò wá dúró ti kòkó. Báyìí ni ọjọ́ ń yọ́ lọ lọ́wọ́ wa.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi mọ́ kedere. Afẹ́fẹ́ ti dákẹ́, oòrùn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Nana rán ènìyàn sí wa pé òun ti wà ní oko, kí bàbá mi máa bọ̀ kíákíá. A ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́, kò tíì wé e.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká lọ. Ṣebí ọjọ́ kan péré ni. Ọlọ́run rí wa."

Bàbá mi ní, "Torí pé Ọlọ́run rí wa ni n kò fi ní lọ."

Ó wo ojú Ìyá àgbà. Bí Ìyá àgbà bá ti sọ pé kí ó lọ, ó ṣeé ṣe kí ó lọ. Ṣùgbọ́n òun ló fà á lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní kékeré, òun ló kọ́ ọ pé ọjọ́ Olúwa kì í ṣe ọjọ́ oko. Kò lè fi ẹnu kan náà tú u. Ó tẹ ojú mọ́lẹ̀, ó mú ìborùn rẹ̀, a sì jáde.

Nísinsìnyí, mo gbọ́dọ̀ sọ ti ara mi.

Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn náà, èmi ni mo ń pọn omi fún ilé wa. Omi ẹ̀rọ adúgbò ti ń sun bí omijé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti máa ń to garawa mi sórí ìlà. Àwọn ọmọbìnrin tó jù mí lọ a máa fi ẹsẹ̀ gbá a kúrò. "Alatani, padà sẹ́yìn," ni wọn a wí, "àbí ṣé ìyá rẹ ló ni omi?" Ọrùn mi ń dùn mí, mo sì ń pẹ́ dé ilé ìwé, tíṣà ń nà mí. Ní ilé ìwé ìjọ wa, wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó bá ń bẹ Ọlọ́run láìdákẹ́ yóò rí gbà. Mo gbà á gbọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni mo ti ń kúnlẹ̀ láàárọ̀, tí mò ń sọ pé, Olúwa, jọ̀wọ́, rọ òjò, kí n sinmi omi pípọn. Mo mọ̀ pé igbó wa wà nílẹ̀ láìjó. Mo mọ èyí, mo mọ tọ̀hún, ṣùgbọ́n ọkàn ọmọdé lè gbé ohun méjì pamọ́ sí yàrá méjì, kí wọ́n má mọ ara wọn.

Nínú ìsìn, pásítọ̀ ní kí a dìde gbàdúrà fún òjò. Ó ní kànga ń gbẹ, ewé kòkó ń wọ́, àwọn ọmọ ń ṣàìsàn nítorí omi ìdọ̀tí. Gbogbo ìjọ ké. Nígbà tó parí, mo ṣe Àmín sókè débi pé obìnrin tó wà níwájú mi yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

Wọn kò tíì gba owó ọrẹ tán tí ilé fi ṣú. Mo gbọ́ ẹ̀kán òjò kan lórí páànù, mo gbọ́ èkejì, lẹ́yìn náà a kò gbọ́ ohùn pásítọ̀ mọ́. Ẹnu rẹ̀ ń mì, òjò ń sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn fò sókè. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń sọ pé Ọlọ́run gbọ́, Ọlọ́run gbọ́. Èmi náà fò sókè. Mo ń ronú garawa mi tí yóò kún lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀.

Ìgbà náà ni mo wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn ará ilé wa wà. Ìyá mi gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Ó rántí ibi tó wà, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Bàbá mi dúró ṣanṣan, ó ń wo fèrèsé. Ìyá àgbà nìkan ló jókòó. Ìgbà yẹn ni ohun méjì tó wà lọ́kàn mi mọ ara wọn.

Òjò náà rọ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó dá díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, a lọ sí oko. Igi ti mu omi bí kànrìnkàn, ilẹ̀ ń yọ̀. Bàbá mi da kẹrosíìnì sí i ní ibi púpọ̀, ó ṣá ìṣáná títí páálí kan fi tán. Èéfín funfun ló ń jáde, ó ń wọ́ nílẹ̀, ó ń ta wá lójú. Kò sí iná. Nana wá, ó dúró lẹ́yìn wa, ó ti pa agboòrùn rẹ̀ dé. Kò sọ pé ṣebí mo wí. "Due," ni ó ń sọ, "due, due," bí wọ́n ti ń kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀.

A kò tètè gbà pé ó ti tán. Ìyá mi fi àdá la ojú ibi díẹ̀ láàárín igi, ó gbin yangan sí i. Èpò bò ó mọ́lẹ̀ kí ó tó ga dé orúnkún, ọ̀yà jẹ ìyókù. Ebè kò ṣeé kọ láàárín ẹ̀ka àti gbòǹgbò. Nígbà tí òjò ńlá dé, Nana rán ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá. Kò fi wá ṣe ẹlẹ́yà lọ́jọ́ náà. Ó ní òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbin kòkó sí ilẹ̀ náà, bí a ti ṣe àdéhùn. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èbù wà ní kọ̀rọ̀ yàrá tí èmi àti Ìyá àgbà ń sùn. Iṣu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti ta ọwọ́ gígùn, funfun bí ohun tí kò rí oòrùn rí, wọ́n ń rá lórí ògiri, wọ́n ń wá ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Láràárọ̀ ni Ìyá àgbà ń tú àwọn tó lọ́ mọ́ra wọn, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ń súnkì, wọ́n ń rà. Òórùn wọn wọ aṣọ wa. Ìyá mi kó díẹ̀ tó ṣì le lọ gbìn sí ẹ̀yìn balùwẹ̀, ṣùgbọ́n omi dúró síbẹ̀, gbogbo wọn kú, àfi ẹyọ kan.

Ẹyọ kan náà gun igi tí a fi sí i. Nígbà tó yá, a wa á. Kò tóbi ju apá mi lọ nígbà náà. Bàbá mi fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó gbé e fún Ìyá àgbà, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé a ti dáríjì í.

"Ìyá, èbù ọdún tó ń bọ̀ rèé. Ó lè di mẹ́ta."

Ìyá àgbà gbà á, ó yí i sọ́tùn-ún sósì. "Àkọ́so ni," ni ó wí. "Kì í ṣe tiwa."

"Ìyá, òun nìkan ló kù."

"Mo lójú."

Ní ọjọ́ ìkórè ìjọ, àwọn ènìyàn kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wá, wọ́n kó kókò, wọ́n kó pọ̀nà tó ga tó ọmọ tó ń rìn. Ìyá àgbà rìn lọ síwájú láàárín wọn, ó fi iṣu rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ pẹpẹ, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó padà wá jókòó. Wọ́n ta àwọn ọrẹ náà lẹ́yìn ìsìn bí àṣà. N kò mọ ẹni tó rà á. N kò mọ bóyá ó dùn lẹ́nu ẹni tó jẹ ẹ́.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, ó di ẹrù rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, mo fi aṣọ rẹ̀ pamọ́. Ó wá aṣọ náà rí, ó sì lù mí ní ẹ̀yìn ọwọ́, kò dùn mí.

"Mo ń lọ mú èbù mìíràn wá ni," ló sọ fún mi ní Kejetia, lẹ́nu lọ́rì. "Sọ fún bàbá rẹ kí ó wá ilẹ̀. Kí ó sì sun ún nígbà tí onílẹ̀ bá ní kí ó sun ún."

Àpò ìdọ̀họ kejì ṣófo. Ó ká a, ó fi í sábẹ́ ìdí jókòó.

Lẹ́tà ló wá, òun kò wá. Èmi ni mo kà á fún bàbá mi, nítorí pé ó ní ojú ń dun òun. Wọ́n ti sin Ìyá àgbà kí lẹ́tà náà tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ èbù nínú rẹ̀. Bàbá mi kò dá oko mọ́ títí tó fi kú.

Ọdún púpọ̀ ni mo fi gbé Àmín yẹn kiri. Mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run dá ẹ̀mí ìyá mi sí títí mo fi rí agbára sọ ọ́. Ó ti dàgbà gan-an, mò ń gé èékánná ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá, èmi ni mo tọrọ òjò ọjọ́ yẹn. Omi pípọn ló sú mi. Èmi ni mo lé Ìyá àgbà lọ."

Ó na ìka mìíràn sí mi.

"Ìwọ nìkan?" ló wí. "Èmi náà ṣe Àmín. Bàbá rẹ ṣe é. Pásítọ̀ gbàdúrà, ta ni kò ní ṣe Àmín?" Ó yí ọwọ́ rẹ̀ padà kí n lè rí èyí tó kù. "Ìyá àgbà ló ṣe tirẹ̀ sókè jù. Ṣé o kò gbọ́ ọ ni? Mo bi í nígbà tí a ń darí lọ sílé nínú òjò. Mo ní, Ìyá, èbù yín ńkọ́? Ó ní àwọn tí kànga wọn gbẹ pọ̀ ju àwa lọ."

N kò gbọ́ ọ. Ohùn ara mi nìkan ni mo gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ní ọdún tí òjò bá pẹ́, pásítọ̀ a ní kí a dìde, èmi náà a sì dìde. Mo máa ń wo àwọn ìjókòó yí mi ká, bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tí igbó rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ láìjó. Ènìyàn kì í rí irú èyí lójú ẹni. Nígbà náà ni mo máa ń ṣe Àmín, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.